Ohun Tó So Mí Mọ́ Ọ̀rọ̀ Yìí

Okùn káàdì tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà ló dá gbogbo ẹjọ́ sílẹ̀. Ó ti tò sẹ́yìn máíkì títí ó fi kàn án, ó ti tún kọ́là ṣe, ó ti wúkọ́ bí ẹni pàtàkì. Bó ṣe ní kí òun tẹ̀ síwájú báyìí, okùn káàdì lọ́ mọ́ ọ̀pá máíkì. Ó fà á, máíkì tẹ̀ lé e. Ó tì í, máíkì padà wá gbá a láyà. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ "gbì!" láti inú àwọn ẹ̀rọ tó wà lára ògiri.

Ẹlòmíràn ì bá ti sá lọ jókòó. Ọkùnrin yìí ò sá. Ó gbá máíkì mọ́ra bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe fẹ́ kó rí.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ́fíìsì tó ń pín nọ́ńbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ń san owó oṣù mi. N kò ní ilé-iṣẹ́ tèmi, n kò sì ní ìbátan kankan nínú àwọn tó wá tọrọ nọ́ńbà. Kò sí ohun mìíràn tó so mí mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àfi máíkì tó kọ̀ tí kò fẹ́ tú mi sílẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Èyí tó dún jù nínú rẹ̀ wá láti orí tábìlì iwájú, níbi tí akọ̀wé ìpàdé jókòó sí. Akọ̀wé ìpàdé kì í rẹ́rìn-ín, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà bọ́ mọ́ obìnrin náà lẹ́nu, kò sì rí i kó mọ́. Ọkùnrin náà yíjú síbẹ̀. Ojú ṣe mẹ́rin. Ó gbàgbé ohun tó bá wá síwájú máíkì.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe akọ̀wé náà. Kì í ṣe torí pé ó tín-ín-rín o, ara obìnrin náà dá ṣáṣá. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí ohun kékeré tó lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ ló ti ń ṣiṣẹ́: gbogbo orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá fi lẹ́tà orílẹ̀-èdè wọn parí, abẹ́ ọwọ́ wọn ló wà, Abẹ́rẹ́ sì lè rí àmì tó sọnù lára orúkọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí ìpàdé gbogboogbò bá dé, òun ni wọ́n máa ń yá lọ ṣe akọ̀wé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọba kan tó jókòó sórí ìtẹ́ níbì kan, kí onítọ̀hún lọ tún èrò rẹ̀ pa. Kò ní ọba. Ìpàdé ló ní, ìpàdé tó ń bí ìpàdé. Àkójọ orúkọ kan ṣoṣo wà lókè pátápátá tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fọkàn tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìparí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń pín nọ́ńbà, torí kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Bí ilé méjì bá sì ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ọ̀rọ̀ tí a rán sí ìyàwó lè lọ balẹ̀ sọ́dọ̀ àna. Ẹnu àwọn tó bá wá síwájú máíkì ni òfin gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè wá, ẹni tó ń ta bàtà lè wá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ: kí o tó sọ̀rọ̀, sọ ẹni tí o jẹ́, sọ ẹni tó ń bọ́ ọ, kí o sì sọ ohun tó so ọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu gbogbo ìlú sọ ọ̀rọ̀ àpò ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ mu tíì, ọkùnrin náà gbé ife méjì wá sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́. Ìdajì ọ̀kan ti dà sínú àwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé wa, ṣé ẹ kọ ti okùn yẹn sínú ìwé ìpàdé?"

"Mo kọ ọ́. Mo ní òṣìṣẹ́ nọ́ńbà kan dì mọ́ máíkì, alága sì bá wọn là á."

"Háà! Ẹ dákun, ìyá mi máa ń ka ìwé yẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́ kò jẹ̀bi." Abẹ́rẹ́ gba ife tó kún nínú méjèèjì. "Ẹ̀yin oní-nọ́ńbà yìí, ẹ ń rò pé ẹ̀yin lẹ ni ayé."

"Àwa kọ́. Ṣùgbọ́n láìsí nọ́ńbà wa, orúkọ tiyín kàn ń pariwo ni. Ẹ pe ènìyàn, ẹ pe ènìyàn, ẹ ò mọ ilé rẹ̀."

"Láìsí orúkọ tiwa, ta ló fẹ́ há nọ́ńbà yín sórí? Ẹni tó bá pàdé yín lójú ọ̀nà, ṣé nọ́ńbà ló máa fi kí yín?"

"Kò burú. Orúkọ wo ni kí ẹ̀yin wá máa fi pè mí?"

Abẹ́rẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Onínọ́ńbà." Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára, àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ pàápàá ò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ọ́fíìsì orúkọ àti ọ́fíìsì nọ́ńbà kọjú síra wọn lójú pópó kan náà. Kí ìpàdé yẹn tó wáyé, kò sẹ́ni tó gbà pé ó yẹ kí ènìyàn máa ti ọ̀kan sọdá sí èkejì lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí Onínọ́ńbà fi ń sọdá. Lónìí, ó fẹ́ yá kálàmù. Lọ́la, ó fẹ́ dá kálàmù padà. Ní ọ̀túnla, ó ní òun kò rántí bóyá òun ti dá a padà. Aṣọ́nà ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú u, ó wá sọ pé, "Bùrọ̀dá, ẹ kúkú máa sọ pé ẹ wá wo ojú rẹ̀, kí kálàmù lè sinmi."

Wọ́n ń jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ máa ń já bọ́ sínú ife. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń sọ: bàtà tó ń ta ẹsẹ̀, ìyá Onínọ́ńbà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí kì í gbà pé ara ọmọ òun yá, ìyá Abẹ́rẹ́ tó ti sùn tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kì í sọ. Ẹni tó wá tọrọ orúkọ àti ẹni tó wá tọrọ nọ́ńbà, wọn kì í mú ọ̀rọ̀ wọn jáde ní ọ́fíìsì. Àwọn méjèèjì ti búra fún ìyẹn, wọ́n sì mú ìbúra wọn ṣinṣin, ìyẹn gan-an ló sì padà kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ abẹ́ òrùlé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Abẹ́rẹ́ ti yan búrẹ́dì wá láti ilé, ó sì ti jó.

"Abẹ́rẹ́."

"Onínọ́ńbà."

"Ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu mi láti ìjẹta. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀."

"Gbé e kalẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe níwájú máíkì."

"Kò sí máíkì níbí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o sọ ọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwọ ni. Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ènìyàn kì í jẹ búrẹ́dì tó dúdú báyìí, kó tún ní kí wọ́n bù sí i." Ó nu èérún kúrò létí ẹnu rẹ̀. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, olówó orí mi. Jẹ èyí tó kù."

Inú Abẹ́rẹ́ dùn débi pé ó ń kọrin níwájú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló dá tọ́ ọ. Ọkùnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ gun òpó, tó ń so wáyà tẹlifóònù, òun náà ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọbìnrin, tó ń dì í ní wíwọ́ fún odindi ọdún kan kó tó mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ ti sọ fún ara rẹ̀ tipẹ́ pé òun kò ní wọ ilé ọkọ kankan tí bàbá òun kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí òun máa lọ.

Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí ẹnì kan. Bàbá rẹ̀ gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀.

"Ṣé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Ó ní in, Bàbá mi."

"Ṣé ó lẹ́kọ̀ọ́?"

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ jù."

"Mú un wá lọ́jọ́ Àìkú. Kí n fi ojú ara mi rí i kí ẹlòmíràn tó máa ròyìn rẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Abẹ́rẹ́ fẹ́ sọ fún Onínọ́ńbà ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, bí ìpàdé ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Bàbá mi ní kí o wá lọ́jọ́ Àìkú," ló wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Má bẹ̀rù wọn o. Bí o bá ti lè yin ilé-iṣẹ́ wọn, ó ti parí. Afárá ni wọ́n ń pè é. Àwọn ló ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ìlú."

Ojú Onínọ́ńbà yí padà. "Afárá?"

"Ẹ̀ẹ́n. Kí ló dé?"

Ohun tó dé ni pé fáìlì Afárá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí tábìlì rẹ̀ lánàá ni. Nọ́ńbà ni Afárá ń tọrọ. Nọ́ńbà àtijọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣì ń lò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, ìyókù tó kù ni wọ́n ń rọra pín, àwọn tó tò fún un sì pọ̀. Òun ni wọ́n ní kó yẹ ìbéèrè náà wò. Kò tíì ṣí i. Kò sì lè sọ ìkankan nínú rẹ̀ fún Abẹ́rẹ́, àfi níwájú ìpàdé. Aago ìpàdé dún.

Alága ìpàdé jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn ètò ju oúnjẹ lọ. Ó kan tábìlì. "Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ ohunkóhun ti yí padà nínú ohun tó so ẹnikẹ́ni mọ́ iṣẹ́ wa?"

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn ni. Abẹ́rẹ́ tilẹ̀ ti kọ "Kò sí" sínú ìwé ìpàdé kí alága tó pa ẹnu dé, gbogbo ènìyàn sì ń rí i lójú síkíríìnì ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ni ó rí i tí Onínọ́ńbà ń bọ̀ síwájú máíkì.

"Alága, ohun kan ti yí padà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń ṣẹlẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó kan iṣẹ́." Ó di ọ̀pá máíkì mú. "Ìbéèrè ilé-iṣẹ́ Afárá wà lórí tábìlì mi. N kò tíì ṣí i, n kò sì gbọdọ̀ ṣí i mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ ẹni tó ni ín."

Gbogbo ojú inú gbọ̀ngàn yí sí i.

"Ìfẹ́ báwo?" ni alága béèrè. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe o. Òfin ní kó béèrè bí okùn náà ṣe yi tó.

"Èyí tó ní ìgbéyàwó nínú, Alága, bí wọ́n bá gbà fún mi."

"Ṣé ẹbí rẹ̀ mọ̀ yín?"

"Bàbá rẹ̀ kò tíì rí mi rí. Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí n lọ kí wọn."

"Ẹ ṣeun. A ó gbé fáìlì náà fún ẹlòmíràn. Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Kí ni Abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe? Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa "Kò sí" rẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ nọ́ńbà fẹ́ràn ọmọ Afárá, lójú gbogbo ènìyàn, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Obìnrin tí àmì kan kì í sọnù mọ́ lójú, kò rántí fi àmì kankan sí i. Àwọn tó mọ ọmọ ẹni tí Abẹ́rẹ́ jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ara wọn, ẹ̀rín wá ń lọ láti ìlà dé ìlà bí afẹ́fẹ́ inú oko.

Ẹ má gbàgbé pé ìpàdé yìí kò ní ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá wù ú níbikíbi láyé lè máa gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bàbá kan wà ní ọ́fíìsì ara rẹ̀, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ bí wọn yóò ṣe pe orúkọ Afárá láàárín àwọn tó tọrọ nọ́ńbà.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ délé, bàbá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, kò tíì bọ́ bàtà.

"Bàbá mi, ẹ kú ilé o."

"Ilé? Ilé yìí kì í ṣe ilé mọ́, ọmọ mi. Ó ti di rédíò."

"Ẹ má bínú, sà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́, kọ̀wé sí mi pé òun bá mi yọ̀. Ó bá mi yọ̀, n kò tíì mọ ohun tí mo ń yọ̀ sí! Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, ẹnu ọ̀nà ilé ẹni ló ń gbà wọlé. Eléyìí gba inú ẹ̀rọ wọlé." Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbàgbé èkejì. "Wọ́n tún ti gbé fáìlì mi fún ẹlòmíràn. A tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lé mi kúrò nídìí oúnjẹ, ó tún fẹ́ gbé ọmọ mi lọ. Sọ fún un kó má wá o."

Abẹ́rẹ́ sọ fún un. Onínọ́ńbà wá síbẹ̀síbẹ̀, torí ó ní ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í fara pamọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó tẹríba, kò sì gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ mi ní kí n sọ ọ́ kí n tó fọwọ́ kan fáìlì. Ilé ní kí n wá kí yín kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Méjèèjì dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì mú èyí tí aago rẹ̀ ti dún."

Ìbínú bàbá rọ̀ díẹ̀. Ó ní kó wọlé, ó fún un ní àga. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ti ṣẹlẹ̀, omi tó dà nù ni. Ọ̀nà kan ló kù. Ẹni tó gba fáìlì mi lọ́wọ́ rẹ, ilé kan náà lẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ọ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, mú ọjọ́ ìgbéyàwó tó bá wù ọ́."

Ọkàn Abẹ́rẹ́ fò sókè. Ká má parọ́, fún ìṣẹ́jú kan ó fẹ́ kó gbà. Ọ̀rọ̀ kan péré! Ta ni yóò gbọ́?

Onínọ́ńbà wò ó, ojú rẹ̀ kún fún àánú, ó wá yíjú sí bàbá. "Sà, ọmọ yín wù mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tí ẹ máa fún lọ́mọ, kì í ṣe èmi mọ́."

"Òwe lò ń pa fún mi nínú ilé mi?"

"Rárá o, sà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀."

"Ó dàárọ̀," ni bàbá wí. Oòrùn ṣì wà láàárín ọ̀run.

Abẹ́rẹ́ sìn ín dé ojú pópó, omi ń dà lójú rẹ̀. "N kò lè ṣe ìgbéyàwó tí bàbá mi kò sí níbẹ̀. Òun nìkan ni mo ní."

"N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe é, ìfẹ́ mi. Màá dúró."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ìdúró ni iṣẹ́ wa. Àwọn kan ti tò fún nọ́ńbà láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé."

Ẹ̀rín gbá ẹkún mú lójú Abẹ́rẹ́, ó sì fi ọwọ́ gbá a léjìká. Ọjọ́ náà ló mọ̀ dájú pé ọkùnrin yìí ni, kò sí ẹlòmíràn.

Obìnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹ̀rí ni wọ́n gbé fáìlì Afárá fún. Ohun kan ṣoṣo tí màmá yìí máa ń sọ ni "Ẹ̀rí dà?" Ó béèrè ẹ̀rí ilé ìwé, wọ́n fún un. Ó béèrè ẹ̀rí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un. Ó rin ìrìn-àjò lọ wo òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ mì í wò. Ní ìparí, ó ní ohun tí Afárá ń béèrè tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan tò sẹ́yìn Afárá, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Eléyín Wúrà. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fún Afárá, tòun yóò pẹ́ sí i. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú máíkì. Bàbá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn pátápátá.

"Èmi ni mo tò sẹ́yìn Afárá, ohun tó so mí mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, n kò fi pamọ́," ni Eléyín Wúrà wí. "Gbogbo ayé ló gbọ́ pé ọmọ Afárá àti òṣìṣẹ́ nọ́ńbà ń fẹ́ra wọn. Àna kì í fi àna sílẹ̀ nínú òjò. Mo ní òṣìṣẹ́ náà gbẹnu sọ fún Afárá lábẹ́ tábìlì."

Màmá Ẹ̀rí dìde. "Ẹ̀rí dà? Láti ọjọ́ tí fáìlì ti dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọkùnrin náà kò kí mi 'ẹ káàárọ̀' rí. Mo tiẹ̀ rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Eléyín Wúrà kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kí òun fúnra rẹ̀ wá dáhùn. Ǹjẹ́ ẹni tó ni Afárá bẹ̀ ọ́ rí pé kí o bá òun sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín gbẹ. Onínọ́ńbà dìde, ó ń bọ̀ síwájú máíkì. Bó bá ní rárá, irọ́ ni, gbogbo ohun tó ti tìtorí rẹ̀ jìyà di asán. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tú àṣírí bàbá níwájú ayé, bàbá wo ni yóò sì fi ọmọ fún ẹni tó dójú tì í lẹ́ẹ̀mejì? Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà, kò lè tẹ lẹ́tà kan. Ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà, ẹ̀rù sì bà á bí kò ṣe bà á rí.

Onínọ́ńbà ya ẹnu.

"Lọ jókòó, ọmọ mi," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Èmi ni ọ̀rọ̀ kàn."

Bàbá Abẹ́rẹ́ ń bọ̀ láàárín àwọn àga. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dé iwájú, ó dúró níwájú máíkì láìbínú.

"Ẹ kú ìjókòó. Èmi ni mo ni Afárá. Ohun tó so mí mọ́ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀: ilé-iṣẹ́ mi ni, ọmọ mi ni. Mo bẹ ọmọkùnrin yìí pé kó bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní bó bá ṣe é, màá fún un lọ́mọ mi. Ó kọ̀. Mo sì lé e jáde nílé mi. Bí ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi nítorí rẹ̀, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀gbin kan kàn án."

Alága àti Màmá Ẹ̀rí sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Ó pẹ́ díẹ̀. Alága wá kan tábìlì. "Ẹ̀rí ni ìbéèrè Afárá dúró lé, ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀. A fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà fún ẹ̀yin bàbá, ẹ̀bi yín yóò sì wọ inú ìwé ìpàdé, kí gbogbo ayé lè kà á."

"Kó wọ̀ ọ́," ni bàbá wí. Kò kúrò níwájú máíkì. "Alága, ṣé ó ku díẹ̀ nínú àyè tí ẹ fún mi?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Níbí ni ọmọ yìí ti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ mi bí wọ́n bá gbà fún òun. Ó dùn mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé tó gbọ́ ìbéèrè, ó yẹ kó gbọ́ èsì." Ó yíjú sí Onínọ́ńbà. "Mo gbà fún un. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà fún un."

Ariwo sọ. Onínọ́ńbà dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Alága kan tábìlì títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ tán, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ní, "A ò lè fi síbẹ̀ yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ kò tíì sọ̀rọ̀."

Abẹ́rẹ́ dìde. Alága fúnra rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka méjì wá lẹ́tà. Abẹ́rẹ́ rìn dé iwájú máíkì, ó fà á wálẹ̀ kó lè bá ẹnu rẹ̀ mu, ó wo bàbá rẹ̀ tó ń nu ojú, ó wo ọkùnrin tó dúró dè é.

"Ọ́fíìsì orúkọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Àwọn ló ń san owó oṣù mi. Ọmọ ẹni tó ni Afárá ni mí. Mo sì nífẹ̀ẹ́ Onínọ́ńbà, láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀." Omi lé sí i lójú, kò nù ún. "Mo gbà."

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.